Lítíréṣọ̀ Malayalam, láti orí àwo bàbà dé ìwé òde òní: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ó pẹ́ tí mo ti ń dá àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn ìwé lágara pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé Kerala, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí kì í yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbà mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí: ta ni wọ́n jẹ́ kó mọ lẹ́tà, ta ni wọ́n sì fi lẹ́tà dù? Ẹ di ìyẹn mú, àwọn orúkọ tó ń bọ̀ kò ní dà rú mọ́ yín lójú.

Kí ni Malayalam, níbo ni wọ́n ti ń sọ ọ́?

Èdè ni. Ìpínlẹ̀ Kerala, ní ìsàlẹ̀ Íńdíà lápá ìwọ̀ oòrùn, ni ilé rẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, òkun wà ní ọwọ́ kan, òkè wà ní ọwọ́ kejì, igi àgbọn, ata àti oko ìrẹsì ló kún àárín. Àwọn tó ń sọ èdè náà tó mílíọ̀nù 35, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣiṣẹ́ ní Dubai, Bahrain, Saudi Arabia àti Lọ́ńdọ̀nù. Ìbátan tó sún mọ́ ọn jù ni Tamil. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1956 ni wọ́n kó àwọn agbègbè tó ń sọ ọ́ jọ sábẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọdún 2013, ìjọba Íńdíà kà á kún àwọn èdè tí lítíréṣọ̀ wọn ti wà láti àtayébáyé.

Báwo ni a ṣe ń pe "zh" tó wà nínú orúkọ wọn, bíi Ezhuthachan?

Ẹ má pè é bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ká ahọ́n sẹ́yìn nínú ẹnu, kí ohùn tó jáde wà láàárín R àti L. Àwọn ọmọ Kerala gan-an máa ń fi lẹ́tà yìí dán àlejò wò.

Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sílẹ̀?

Láti ọ̀rúndún kẹsàn-án ni ọ̀rọ̀ tó ń yapa kúrò lára Tamil ti hàn lára òkúta àti àwo bàbà. Èyí tó gbajúmọ̀ ni àwo bàbà Kollam ti ọdún 849, níbi tí aláṣẹ ìlú ti kọ ẹ̀tọ́ tó fún àwọn oníṣòwò Kristẹni sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó-orí ló wà níbẹ̀, kò sí ewì kankan.

Nígbà tí ewì dé, ọ̀nà méjì ló gbà wá. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní Pattu, ìyẹn orin. Ó sún mọ́ Tamil, àpẹẹrẹ rẹ̀ tó lórúkọ jù sì ni Ramacharitam, tó sọ ìtàn ogun Rama, ọba tí àwọn Híńdù kà sí òrìṣà. Ọ̀nà kejì ni Manipravalam, tó po ọ̀rọ̀ ilé mọ́ Sanskrit, èdè àwọn àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Mani ni òkúta iyebíye pupa, pravalam ni iyùn. Lilatilakam, ìwé gírámà ọ̀rúndún kẹrìnlá, sọ ìdí tó fi jẹ́ iyùn ni wọ́n mú: bí a bá sín òkúta pupa pọ̀ mọ́ iyùn sórí okùn kan, ojú kò ní tètè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì sì bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọ̀ wọn jọra. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí èdè méjèèjì wọra wọn. Ẹni tó bá ti rí iyùn lọ́rùn ọba rí mọ ohun tí ìwé náà ń sọ.

Àmọ́ ta ló ń kà á? Àwọn ọkùnrin tó rí jẹ tó rí mu, tó sì ráyè kọ́ Sanskrit, ni. Púpọ̀ nínú ewì Manipravalam ló jẹ́ ìyìn ẹwà àwọn obìnrin gbajúmọ̀ àsìkò náà. Ọ̀kan nínú wọn, Unnuneeli Sandesam, sọ ti ọkùnrin tí ẹ̀mí àìrí kan gbé lójú oorun lọ sí Thiruvananthapuram, tó wá rán ìránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ ní Kaduthuruthy. Bí akéwì ṣe ń júwe ọ̀nà fún ìránṣẹ́, ó ń ka ìlú, odò, ọjà àti tẹ́ńpìlì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òpìtàn ṣì ń lọ wo inú ewì ìfẹ́ yìí bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí láyé ọjọ́un.

Ṣé àwọn ará ilé lásán kò ní ewì tiwọn ni?

Wọ́n ní i, ẹnu ni wọ́n fi ń gbà á kiri: orin ìgbìn ìrẹsì, orin jagunjagun apá àríwá, orin òrìṣà, orin ìrẹmọlẹ́kún. Nígbà mìíràn orin ilé máa ń wọ ààfin. Ìtàn kan wà tí gbogbo ọmọ Kerala mọ̀. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, Ọba Udaya Varma ti Kolathunadu ń ta chess, ọwọ́ sì fẹ́ bà á. Ayaba ń rẹ ọmọ lẹ́kún nítòsí, ó sì ti rí ọ̀nà àbáyọ. Kò gbọdọ̀ dá sí eré àwọn ọkùnrin. Ló bá fi í sínú orin ọmọ náà: "tì í, tì í, ti ọmọ ogun síwájú." Ọba gbọ́, ó ti ọmọ ogun, ó sì borí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí Cherusseri, akéwì ààfin, fi ohùn orin ìrẹmọlẹ́kún yẹn kọ ìtàn òrìṣà Krishna. Bí wọ́n ṣe ní Krishnagatha dé ayé nìyẹn, Malayalam inú rẹ̀ sì mọ́ gaara. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ẹ má mú un bí ẹ̀rí kóòtù. Ṣùgbọ́n ìwé náà fúnra rẹ̀ wà, ohùn orin ìyá sì wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń pe Ezhuthachan ní bàbá èdè náà, nígbà tí àwọn mìíràn ti kọ ewì ṣáájú rẹ̀?

Ìbéèrè tó dára ni, nítorí àwọn mìíràn ṣáájú rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn akéwì mẹ́ta tí wọ́n wá láti Niranam ti túmọ̀ Bhagavad Gita àti Ramayana, ìwé mímọ́ àwọn Híńdù, sí Malayalam kí wọ́n tó bí i. Ezhuthachan gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ní àdúgbò Tirur, ní àsìkò tí àwọn Potogí ń yìnbọn ní etíkun, tí àwọn ọba kéékèèké sì ń bá ara wọn jà. Kì í ṣe Brahmin, ìran àlùfáà tó wà lókè gbogbo ìran yòókù. Láyé ìgbà náà sì rèé, ètò ìpele ìbí ti pín àwọn èèyàn: ẹni tó lè fọwọ́ kan ìwé mímọ́, ẹni tó lè gbọ́ ọ, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ rárá.

Ohun tó ṣe ni pé ó kọ Ramayana àti Mahabharata ní Malayalam tí etí gbogbo ilé gbà, ó sì gbé e sẹ́nu odídẹrẹ́. Kilippattu ni wọ́n ń pe irú ewì yìí, orin ẹyẹ odídẹrẹ́. Akéwì á kí ẹyẹ náà káàbọ̀, á fún un ní èso àti wàrà, á wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ìtàn Rama. Ẹyẹ á sì sọ ọ́. Àwọn kan ṣàlàyé pé ọgbọ́n ni: ẹni tí wọ́n ní kò lẹ́nu láti kéde ìwé mímọ́ ti fi ẹnu ẹyẹ kéde rẹ̀, ta ni yóò mú ẹyẹ? Àwa tí a ń pe odídẹrẹ́ ní ayékòótọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ níbẹ̀.

Títí dòní, bí oṣù Karkidakam bá dé, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹjọ, tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí oko lọ, wọ́n máa ń tan fìtílà bàbà nírọ̀lẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé Híńdù, àgbàlagbà kan á jókòó tì í, á sì máa ka Ramayana Ezhuthachan sókè lójoojúmọ́ títí oṣù náà á fi tán.

Orúkọ rẹ̀ gan-an, oyè olùkọ́ ni: bàbá ìkọ̀wé. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òun ló fìdí lẹ́tà tí wọ́n ń lò báyìí múlẹ̀. Lọ́jọ́ Vijayadashami, ọjọ́ ọdún Híńdù kan, àwọn òbí máa ń gbé ọmọ ọdún méjì, mẹ́ta lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ní ó gbé ní Tirur, wọ́n ń pè é ní Thunchan Parambu. Olùkọ́ á gbé ọmọ sórí itan, á di ìka rẹ̀ mú, á sì fi í fa lẹ́tà àkọ́kọ́ sínú àwo ìrẹsì tútù. Òmíràn nínú wọn a fi òrùka wúrà kọ lẹ́tà sí ahọ́n ọmọ. Ọmọ á máa ké, ìyá á máa rẹ́rìn-ín. Lónìí, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà ń ṣe é, ọmọ tó bá wá ni wọ́n ń gbà. Láyé Ezhuthachan, ọ̀pọ̀ lára àwọn baba ńlá ọmọ wọ̀nyí kò gbọdọ̀ dé ìtòsí àwo yẹn.

Ṣé Ọlọ́run wọn fẹ́ràn Sanskrit ju Malayalam lọ?

Ẹ rẹ́rìn-ín tí ẹ bá fẹ́, àwọn náà bi ara wọn ní ìbéèrè yìí. Melpathur Bhattathiri, ọ̀gá gírámà, ti fi Sanskrit kọ ìyìn ńlá kan ní tẹ́ńpìlì Guruvayur. Poonthanam náà wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ní ọmọ rẹ̀ kú lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fún un ní ìrẹsì àkọ́jẹ. Malayalam ni Poonthanam fi ń kọ tirẹ̀. Ó gbé e tọ Bhattathiri lọ pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gbẹ́ni náà sì kọ̀. Lóru, Ọlọ́run sọ fún Bhattathiri pé bhakti Poonthanam wu òun ju vibhakti rẹ̀ lọ. Bhakti ni ìfọkànsìn, vibhakti sì ni ìparí ọ̀rọ̀ tí àwọn onígírámà ń tò. Ìró méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni adùn rẹ̀ wà.

Ẹ gbọ́ bí Poonthanam ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú Jnanappana: láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, ìwọ lò ń gbé ẹnì kan gun àga tí wọ́n ń rù káàkiri, ìwọ náà lò ń gbé àpò alágbe kọ́ èjìká ọba tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọdé lè mọ̀ ọ́n lórí lọ́jọ́ kan, àgbà á sì máa rò ó títí di ọjọ́ ogbó.

Ta ni wọ́n ní ó pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín?

Kunchan Nambiar, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lu mizhavu, ìlù ńlá onírìísí ìkòkò, nígbà tí Chakyar, òṣèré tẹ́ńpìlì, bá ń ṣe eré Sanskrit. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ó sùn lọ nídìí ìlù, Chakyar sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Kò fèsì. Ní ọjọ́ kejì, bí Chakyar ti bẹ̀rẹ̀ eré, Nambiar jáde ní ìta pẹ̀lú eré tuntun kan, Thullal, tó fi Malayalam ọjà kọ, tó ń jó, tó ń kọrin, tó sì ń fi àwọn olówó ìlú ṣe ẹ̀fẹ̀. Àwọn òǹwòran dìde lẹ́sẹ̀ kan náà, wọ́n lọ bá a. Nínú Thullal rẹ̀, bí Bhima akọni bá ń rìn nínú igbó tàbí tí àwọn òrìṣà bá ń ṣe ìgbéyàwó, àwọn ará Kerala gan-an lẹ máa rí níbẹ̀: aláṣejù, ọ̀jẹun, ìjòyè tó ń gba rìbá.

Kathakali ńkọ́?

Eré ijó ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ orin rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀, attakatha ni wọ́n ń pè é. Nalacharitham tí Unnayi Variyar kọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí èyí tó ga jù. Òru mẹ́rin ni wọ́n ń fi ṣe é.

Kí ni àwọn Mùsùlùmí àti Kristẹni ṣe nínú rẹ̀?

Púpọ̀, mi ò sì fẹ́ràn bí àwọn ìwé ìtàn kan ṣe ń fi ìlà méjì kọjá lórí wọn. Àwọn Mùsùlùmí etíkun Malabar ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Malayalam, bí àwọn àfáà ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń fi Anjẹmi kọ Yorùbá. Ní ọdún 1607, Kàdí Muhammad ti Kozhikode kọ Muhyiddin Mala, orin ìyìn fún Ṣéù Abdul-Qadir Jilani, ẹni tí àwọn ará Kádírìyà nílé wa mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Moyinkutty Vaidyar kọ orin ìfẹ́ Badarul Muneer ní ọdún 1872, tí wọ́n ń kọ níbi ìgbéyàwó.

Ti àwọn Kristẹni, Paremmakkal Thoma Kathanar, àlùfáà kan, wọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù lọ́dún 1778, ó sì kọ gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ nínú Varthamanappusthakam. Ó kọ ọ́ láìfi bò pé àlejò kò yẹ kó máa darí àwọn lórí ilẹ̀ àwọn. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà Malayalam tẹ̀ pátápátá jáde ní Róòmù lọ́dún 1772. Ní ọdún 1821, Benjamin Bailey ti ìjọ CMS dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Kottayam, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú sì jọ gbẹ́ lẹ́tà rẹ̀ roboto-roboto bí ẹ ṣe ń rí i lónìí. CMS kan náà ni Henry Townsend ń bá ṣiṣẹ́ nígbà tó tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859. Hermann Gundert, ará Jámánì tó gbé ní Thalassery, tẹ ìwé ìròyìn Malayalam àkọ́kọ́ lọ́dún 1847, ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1872. Wọ́n ṣì ń lò ó.

Ìwàásù ló gbé àwọn wọ̀nyí wá. Àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í béèrè ìpele ìbí lọ́wọ́ ẹni tó ra ìwé.

Èwo ni ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́?

Kundalatha jáde lọ́dún 1887, ṣùgbọ́n Indulekha, ti ọdún 1889, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ìtàn àròsọ gidi àkọ́kọ́. Adájọ́ ni O. Chandu Menon tó kọ ọ́. Ó ti ń ka ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ lẹ́nu fún àwọn ará ilé rẹ̀. Nígbà tí ìtumọ̀ náà kò dùn létí, ó jókòó kọ tirẹ̀ láàárín bí oṣù méjì. Ọmọbìnrin tó kàwé ni Indulekha. Suri Nambudiri, Brahmin olówó tí kò mọ̀ ju obìnrin àti ara rẹ̀ lọ, fẹ́ fi í ṣe aya, Indulekha sì kọ̀ ọ́ lójú. Orúkọ Suri yẹn ti di ọ̀rọ̀ èébú nínú èdè wọn. Orí kan wà nínú ìwé náà tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta ti ń jiyàn ẹ̀sìn àti ìṣèlú lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹ lè fò ó, mi ò ní bínú.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ sí i ni Saraswativijayam, tí Potheri Kunhambu kọ lọ́dún 1892. Wọ́n lu alágbàṣe kan láti ìran Pulaya, ìran tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀, torí pé ó ń kọrin níbi tí Brahmin lè gbọ́. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti kú. Ó sá lọ, ó kàwé, ó di adájọ́, lọ́jọ́ kan wọ́n sì mú ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wá síwájú rẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó pa á.

Ta ni àwọn akéwì mẹ́ta tí wọ́n máa ń dárúkọ pọ̀?

Asan, Ulloor àti Vallathol. Ulloor ni ọ̀mọ̀wé, ó kọ ìtàn lítíréṣọ̀ Kerala tó tóbi. Vallathol kọ ewì òmìnira, etí rẹ̀ di, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ Kalamandalam sílẹ̀ lọ́dún 1930 kí Kathakali má baà parun. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ Asan, nítorí òun ni mo fẹ́ràn jù.

Ọdún 1873 ni wọ́n bí Kumaran Asan, sínú ìran Ezhava, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ tẹ́ńpìlì. Sree Narayana Guru, ẹni tó ń kọ́ni pé ìran kan, ẹ̀sìn kan, Ọlọ́run kan ni ènìyàn, ló tọ́ ọ sọ́nà. Wọ́n rán an lọ kọ́ Sanskrit ní Bangalore àti Calcutta, ìmọ̀ tí wọ́n ní kì í ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1907 ó tẹ Veena Poovu jáde, ewì nípa òdòdó kan tó jábọ́ sílẹ̀. Òdòdó lásán ni, kò sí ọba, kò sí òrìṣà, síbẹ̀ ewì Malayalam yí padà láti ọjọ́ náà. Nínú Chandalabhikshuki ti ọdún 1922, òùngbẹ ń gbẹ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn Buddha kan lẹ́bàá kànga, ó sì tọrọ omi lọ́wọ́ ọmọbìnrin tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó lérò pé ọkùnrin náà kò mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Ó fèsì pé òun kò béèrè ìran rẹ̀, omi lòun béèrè. Nínú Duravastha, lọ́dún kan náà, ó kìlọ̀ fún àwọn aláṣẹ: ẹ pa òfin yín dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfin náà á pa yín dà.

Ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1924 ni ọkọ̀ ojú omi tó wọ̀ rì ní Pallana. Ó jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún.

Ní àsìkò Asan kan náà, Poykayil Appachan, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ìran ẹrú, ń kọ orin fún àwọn èèyàn rẹ̀. Nínú ọ̀kan, ó ní òun wo gbogbo ìwé ìtàn, òun kò rí lẹ́tà kan ṣoṣo nípa ìran òun, bẹ́ẹ̀ ìtàn ìran mìíràn kún ibẹ̀. Bí mo bá ń ronú nípa Manipravalam àti iyùn rẹ̀, orin yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ìgbà wo ni àwọn aláìní wọnú ìwé?

Láti bí ọdún 1937, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé onítẹ̀síwájú bẹ̀rẹ̀. Kesavadev fi ẹni tó ń fa kẹ̀kẹ́ akérò ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Thakazhi kọ ìwé nípa àwọn tó ń kó ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú, lẹ́yìn náà nípa àwọn alágbàṣe oko ìrẹsì Kuttanad, ó wá kọ Chemmeen lọ́dún 1956. Chemmeen ni edé. Àwọn apẹja inú ìwé náà gbà pé bí ọkọ bá wà lójú òkun, ìwà mímọ́ aya rẹ̀ létíkun ló ń pa á mọ́. Bí aya bá yẹsẹ̀, Ìyá Òkun á gbé ọkọ mì. Karuthamma, ọmọ apẹja Híńdù, fẹ́ràn Pareekutty, oníṣòwò ẹja tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n sì fi í fún Palani. Mi ò ní sọ ìyókù. Fíìmù rẹ̀ ti ọdún 1965 gba ẹ̀bùn wúrà ààrẹ Íńdíà.

Basheer sì wà, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Mùsùlùmí ni, ọlọ́pàá lù ú ó sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí ìjà òmìnira lọ́dún 1930, ó sì rìn káàkiri Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń kọ Malayalam bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Nínú ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń bá a wí pé gírámà rẹ̀ kò dára, ewúrẹ́ ilé sì ń jẹ ìwé tó ti tẹ̀ jáde. Nínú Mathilukal, ẹlẹ́wọ̀n ọkùnrin àti Narayani, ẹlẹ́wọ̀n obìnrin, ń fẹ́ra lẹ́yìn ògiri tí wọn kò lè rí ara wọn kọjá. Bí obìnrin náà bá ti dé ìdí ògiri, a ju igi gbígbẹ sókè kí ọkùnrin náà lè mọ̀. Kí wọ́n tó ríra ni wọ́n dá ọkùnrin náà sílẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé kí lòun fẹ́ fi òmìnira ṣe.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Nínú ilé Nambudiri, ìyẹn àwọn Brahmin Kerala, antharjanam ni wọ́n ń pe obìnrin, ẹni inú ilé. Bí ó bá jáde, á fi agbòòrùn bo ojú. Ní ọdún 1929, V. T. Bhattathiripad gbé eré kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń pè wọ́n láti ilé ìdáná bọ́ sórí ìtàgé. Lalithambika Antharjanam, tí orúkọ yẹn wà lára rẹ̀, di òǹkọ̀wé ńlá. Agnisakshi, ìtàn àròsọ gígùn kan ṣoṣo tó kọ, jáde lọ́dún 1976. Madhavikutty, tí àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí Kamala Das, tẹ ìtàn ara rẹ̀, Ente Katha, jáde lọ́dún 1973, ó sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ àti ara obìnrin láìfi ìkankan pamọ́, ariwo sì sọ. Nínú Aarachar ti ọdún 2012, K. R. Meera fi ọmọbìnrin kan sípò ẹni tí ìjọba gbà láti máa yẹgi fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n.

Kí ló dé tí wọ́n ń kàwé tó báyìí?

Wọ́n ṣiṣẹ́ fún un ni. Ní ọdún 1945, P. N. Panicker kó ilé ìkàwé 47 jọ sínú ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ náà sì tàn dé abúlé lóríṣiríṣi. Lọ́dún kan náà, àwọn òǹkọ̀wé 12 dá àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní Kottayam láti máa tẹ ìwé ara wọn, kí owó ìwé lè dé ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Nílé iṣẹ́ àwọn tó ń wé sìgá beedi ní Kannur, ẹnì kan á jókòó máa ka ìwé ìròyìn àti ìtàn àròsọ sókè bí ọwọ́ àwọn yòókù ṣe ń wé ewé, bí wọ́n ti ń ṣe fún àwọn oníṣẹ́ tábà ní Kúbà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1991, wọ́n kéde pé gbogbo Kerala ti mọ̀wé kà.

Lẹ́yìn àwọn Thakazhi, kí ló tún ṣẹlẹ̀?

M. T. Vasudevan Nair kọ nípa ilé ńlá àwọn ìran Nair tó ń wó lulẹ̀, nínú Randamoozham ti ọdún 1984 ó sì fún Bhima láyè láti sọ Mahabharata lẹ́nu ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dúró de ipò kejì nígbà gbogbo. O. V. Vijayan tẹ Khasakkinte Itihasam jáde lọ́dún 1969, nípa tíṣà kan tó lọ dá kọ́ ní abúlé. Àwọn kan máa ń pín lítíréṣọ̀ wọn sí ṣáájú ìwé yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀. Òǹkọ̀wé Malayalam mẹ́fà ló ti gba Jnanpith, ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tó ga jù ní Íńdíà, G. Sankara Kurup sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á ní Íńdíà látòkèdélẹ̀, lọ́dún 1965.

Lónìí ńkọ́?

Aadujeevitham tí Benyamin kọ lọ́dún 2008 sọ ti ọkùnrin tó lọ wá iṣẹ́ ní Saudi Arabia, tó sì bá ara rẹ̀ nínú aṣálẹ̀ láàárín ewúrẹ́, láìsí owó oṣù, láìsí ọ̀nà ilé. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ ti bá kó sọ́wọ́ àwọn agbéni-lọ-sókè-òkun rí kò ní lè kà á tán láìdúró mí. S. Hareesh bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Meesha jáde ní apá-apá lọ́dún 2018, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn àti ìdílé rẹ̀, ó dá a dúró, ìwé náà sì padà jáde lódindi. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Íńdíà kọ̀ láti fòfin dè é.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Púpọ̀ nínú ìwé tí mo dárúkọ ti ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Basheer, Mathilukal kò gùn, ẹ lè kà á tán lálẹ́ kan. Ẹ bọ́ sórí Chemmeen, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú Aadujeevitham. Ẹ wá wá Kocharethi, tí Narayan kọ lọ́dún 1998. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Narayan, ọmọ ìran Malayarayar tó ń gbé lórí òkè. Òun ni ọmọ ìbílẹ̀ orí òkè àkọ́kọ́ tó kọ ìtàn àròsọ ní Malayalam, àwọn èèyàn tirẹ̀ ló sì kọ nípa wọn.